Apá Ọ̀tún Mi àti Ọ̀nà Ìdìròkò

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi rí ara wa kẹ́yìn, ó fi eyín já òwú kan tó yọ lábẹ́ apá ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi. Ó ti tú ojú rírán ibẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú, ó sì fi aṣọ díẹ̀ kún un kí ihò apá náà lè fẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó dúró sí apá ọ̀tún mi, níbi tó máa ń dúró sí, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà fún mi, ó de bọ́tìnnì, ó tún kọ́là ṣe. Èmi dijú, mo pa eyín pọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́.

Ó ní, "Mùsíọ̀, ẹ lajú. Ó ti tán."

Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún mi nìyẹn, nítorí pé èdè Faransé ni mo kọ́ wọn kí n tó fẹ̀yìntì. Òun a máa fi í ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Mo lajú. Ilé ìwòsàn ni mo ń lọ lọ́jọ́ náà, láti gbọ́ ohun tí dókítà fẹ́ sọ nípa èjìká mi. Àbẹ̀ní ìyàwó mi kò lè bá mi lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fẹ́ gba aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wọn, aṣọ dúdú sì kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Joju. Ó ní bí dókítà bá ti sọ̀rọ̀ tán kí n pe òun. Mo ní mo ti gbọ́.

Kétu ni ìlú mi, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn Faransé ti jọba rí. Ọ̀nà Ìdìròkò kọjá níwájú ilé tí mo háyà ní Ọ̀tà. Bí ènìyàn bá tẹ̀lé e tààrà, yóò kan ẹnubodè, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú ó lè ti dé ilé bàbá mi. Àwọn tó lọ sí ìlú òyìnbó kì í ka irú àjò tiwa sí àjò. Wọn kò jẹ̀bi. Kò sí òkun láàárín èmi àti ilé. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ènìyàn lè máa gbé níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè ìyá rẹ̀, kí ó sì jẹ́ àlejò níbẹ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi funfun.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, yàrá kan ni mo háyà ní Àgbárá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ kí onílé, mo kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kékeré láti máa kí àgbà. Ó dáhùn dáadáa. Lẹ́yìn náà ó yíjú sínú ilé, ó ní, "Ìyá Rìsí, jáde wá gbọ́ bí Àgànyìn ṣe ń sọ Yorùbá."

Ìyàwó rẹ̀ jáde, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò níkà nínú, wọ́n sì fún mi ní búrẹ́dì. Láti ọjọ́ náà Àgànyìn ni mò ń jẹ́ ní àdúgbò, èmi tí mo ti rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi ni mò ń bọ̀.

Ìwé ẹ̀rí tí mo gbé wá, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀gá tó ń gba òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó dá a padà fún mi, ó sì béèrè bóyá mo lè gbé ẹrù. Mo ní mo lè gbé ẹrù. Èjìká ọ̀tún ni mo fi ń gbé e. Àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ wúwo, ó sì máa ń ta ènìyàn lójú. Àwa tí a jọ ń gbé e, Pijin ni gbogbo wọn ń sọ. Fún ìgbà pípẹ́ mo ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, láì mọ ohun tí wọ́n sọ. Lálẹ́ mo máa ń ka ìwé Faransé sókè nínú yàrá mi, kí ohùn mi má baà gbàgbé. Aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri rò pé àdúrà ni mò ń gbà, ó sì máa ń ṣe "àmín."

Ṣòkòtò tó ya ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Àbẹ̀ní. Ọmọ Adó-Odò ni, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan ní Joju nígbà náà. Mo ṣàlàyé ibi tí ó ti ya, ó wò mí lójú, ó béèrè ibi tí mo ti wá. Mo sọ fún un, mo ń retí ẹ̀rín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá àgbà òun náà máa ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí ìyẹn ti kú òun kò gbọ́ ọ mọ́. Lẹ́yìn náà ló dá owó lé mi, kò sì gbà kí n yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. A fẹ́ ara wa. Ọlọ́run kò fún wa lọ́mọ. A sunkún rẹ̀ nígbà tó yẹ ká sunkún rẹ̀, a sì fi sílẹ̀.

Àwọn ìjọ ńlá wá ra igbó. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ di gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kì í kú, yunifásítì sì hù sí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn bí olú ṣe ń hù lẹ́yìn òjò. Wọ́n ń wá olùkọ́ Faransé. Ìwé tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọṣẹ ti dá padà fún mi, ọ̀gá yunifásítì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Onílé mi àtijọ́ wá láti Àgbárá, ó mú Rìsí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí n jọ̀ọ́ ràn án lọ́wọ́ kí ó lè yege. Ó pè mí ní "ọ̀gá." Mo ràn án lọ́wọ́. Àbẹ̀ní náà kúrò ní títún ṣòkòtò ṣe. Aṣọ akọrin ìjọ àti aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ni ó wá ń rán, ọdún kan kì í jọ ọdún kan, púpọ̀ ni wọ́n máa ń pọ̀ sí i.

Ẹrù tí mo ti gbé nígbà èwe dúró dè mí. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé. N kò lè kọ nǹkan sí òkè rẹ̀ mọ́, mo wá ń kọ gbogbo rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn a sì dìde dúró kí wọ́n tó rí i. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, n kò lè ya irun mi. N kò lè dùbúlẹ̀ lé ìhà ọ̀tún. Dókítà ya fọ́tò eegun náà, ó fi hàn mí: orí eegun apá ti jẹ dànù, ó ń ha ihò èjìká tó jókòó sí, iṣan tó yẹ kó gbé apá sókè sì ti gbó. Wọ́n fún mi ní oògùn, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n ní kí n máa na apá náà díẹ̀díẹ̀. Ó dẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tún padà. Dókítà wá ní ohun tó kù ni iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n gé orí eegun tó ti bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n fi irin àti ike rọ́pò rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì mi lè gbé e. Owó kọ́ ló dá wa dúró.

Ohun tó dá wa dúró nìyí. Nínú ìjọ wa, bí pásítọ̀ bá ní kí a gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ méjèèjì ni. Ẹni tó bá gbé ẹyọ kan, wọn yóò rò pé ó ń bá Ọlọ́run ṣe ìdajì. Nítorí náà Àbẹ̀ní máa ń dúró sí apá ọ̀tún mi, yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí abẹ́ ìgúnpá mi, yóò rọra gbé e dé ibi tí mo bá lè fara dà. Aṣọ rẹ̀ máa ń bo ọwọ́ náà mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ ìsìn ìwòsàn kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí èrò rí ọwọ́ mi méjèèjì lókè. Ó mọ èjìká mi, ó ti bá mi gbàdúrà sí i rí. Ó sáré wá pẹ̀lú gbohùngbohùn, ó ń kígbe pé èjìká mi ti sàn. Mo ń mi orí, pásítọ̀ ní ayọ̀ ni kò jẹ́ kí Bàbá lè sọ̀rọ̀, gbogbo gbọ̀ngàn sì dìde.

Lọ́jọ́ kejì Àbẹ̀ní lọ bá pásítọ̀ láti sọ bí ó ṣe rí gan-an, pé òun ló gbé ọwọ́ náà. Pásítọ̀ fetí sílẹ̀ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ta ló gbé ọwọ́ yín tí ẹ fi gbé ti Bàbá?"

Àbẹ̀ní dìde, ó padà wá sílé. Láti ìgbà náà wọ́n ń pè mí ní Bàbá Ẹlẹ́rìí ní Joju. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n a juwọ́ sí mi, wọ́n a sì dúró kí n juwọ́ padà. Ìjọ ń mú mi hàn fún àwọn àlejò. Bí a bá lọ ṣe iṣẹ́ abẹ nígbà náà, ohun tí à ń sọ fún wọn ni pé ẹ̀rí náà kì í ṣe òótọ́, ìjọ yẹn kan náà ló sì ń kó aṣọ akọrin rẹ̀ fún Àbẹ̀ní láti rán. A ní kí ọdún yí ná. Ọdún yí. A ní kí ọ̀rọ̀ náà tutù díẹ̀ sí i. Apá mi kò dúró dè wá. Nígbà tó yá Àbẹ̀ní fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, níbi tó ti ń wẹ̀ mí lẹ́yìn. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n lọ bá dókítà, ẹni tó bá fẹ́ bínú kí ó wá bínú sí òun ní ṣọ́ọ̀bù.

Bí mo ṣe dé iwájú dókítà nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun nìyẹn. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ìrora yóò dín kù púpọ̀, ṣùgbọ́n kí n má retí pé n óò máa gbé apá sókè bí ọ̀dọ́. Wọn yóò kọ́kọ́ yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ mi wò, nítorí ọjọ́ orí. Kòkòrò lè wọ ojú iṣẹ́ abẹ. Irin náà lè yẹ̀ bí mo bá fi ọwọ́ yẹn ti ara mi dìde lórí àga. Fún bí oṣù kan ààbọ̀, wọn yóò so apá náà kọ́ mi lọ́rùn, n kò sì gbọ́dọ̀ fi í ṣe nǹkan kan. Ó wá béèrè pé, "Ta ló wà nílé pẹ̀lú yín?"

Mo ní, "Ìyàwó mi. Aránṣọ ni. Òun ló ń wọ aṣọ fún mi."

Ó ní tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Inú mi dùn. Mo jáde, mo pe Àbẹ̀ní. Fóònù rẹ̀ dún títí, kò gbé e. Mo rò pé ariwo ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kí ó gbọ́.

Èrò ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo dé Joju. Wọ́n yà fún mi. Orí Àbẹ̀ní wà lórí aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde kan lórí ẹ̀rọ, bí ẹni tó sinmi díẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn síbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ sọ pé kí wọ́n má gbé e. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pè é. Nígbà tí mò ń fi í yangàn fún dókítà, ó ṣeé ṣe kí ó ti lọ.

N kò ní ilé ti ara mi ní Ọ̀tà tí mo lè sin ín sí, àwọn ẹbí rẹ̀ kò sì fẹ́ kí a gbé e kọjá ẹnubodè. Adó-Odò ni a sin ín sí, nínú ọgbà bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì fún mi, wọ́n da agbádá bò mí lórí. Nígbà tó kàn mí láti bu yẹ̀pẹ̀, apá ọ̀tún mi kò kúrò ní ìhà mi rárá. Mo fi ọwọ́ òsì bù ú. Obìnrin kan láti ìjọ wa sọ fún èkejì rẹ̀ lẹ́yìn mi, kò rò pé mo gbọ́, "Ṣebí ọwọ́ yẹn ti sàn?" Báyìí ni mo ṣe fi ọwọ́ òsì kí aya mi pé ó dìgbóṣe, ọwọ́ tí a kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá Ìbejì ló ń wọ aṣọ fún mi, aládùúgbò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Àgbárá. Ọkùnrin dáadáa ni, ṣùgbọ́n bí ẹni ń ki ìrẹsì sínú àpò ló ṣe ń kì mí sínú aṣọ. Ó ní, "Ẹ̀yin Bàbá yìí, ẹ dẹ ara. Èmi kò pa yín." Lọ́sẹ̀ tó bá ti wà nínú iṣẹ́ àárọ̀, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ a ti gbé e lọ kí n tó jí, n óò sì wà nínú ìró láti àárọ̀ títí di alẹ́, ilẹ̀kùn ní títì. Bí ènìyàn bá kan ilẹ̀kùn, n kì í dáhùn. Mo ti jẹ́ olùkọ́ yunifásítì, mo sì ń sá fún ẹni tó ń ta omi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Kétu ń pè mí. Òun nìkan ló kù tó ń pè mí ní oríkì. Ó ní, "Àjàní, ara pípé lo gbé kúrò nílé. Ṣé irin Nàìjíríà lo fẹ́ gbé padà wá?"

Mo ní n kò tí ì sọ pé mò ń padà. Ó ní kí ni mò ń ṣe níbẹ̀ nígbà tí obìnrin náà ti lọ? Kí n wá jókòó ti òun, wọn yóò máa wọ aṣọ fún mi. Mo béèrè ẹni tí yóò máa wọ̀ ọ́, nítorí òun gan-an, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó ní àwọn ìyàwó ọmọ òun wà. Mo ní ṣé ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni yóò máa gbé ṣòkòtò sókè fún mi? Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀rín ṣì wà nínú mi. Ó wá ní ọmọ òun tó ń wakọ̀ yóò wá gbé mi ní Sátidé tó ń bọ̀, kí n ti di ẹrù mi.

Mo ro ó dáadáa. Nígbà tí mo lọ sílé gbẹ̀yìn, àwọn ọmọ àdúgbò wa ń pè mí ní Bàbá Nàìjíríà. Ohùn mi ti yí, wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ará Èkó. Níhìn-ín Àgànyìn, lọ́hùn-ún Nàìjíríà. Ibì kan ṣoṣo tí n kò ti ní orúkọ àlejò ni yàrá tí Àbẹ̀ní ti ń wọ aṣọ fún mi. Ṣé n óò wá gbé apá tó ti kú lọ fún àwọn ìyàwó tí n kò mọ orúkọ wọn, kí wọ́n máa fi mí jó bí ọmọ ọwọ́ títí n óò fi kú?

Mo padà lọ bá dókítà, Bàbá Ìbejì ló wọ aṣọ fún mi. Dókítà bá mi kẹ́dùn. Mo sọ fún un pé ìyàwó Bàbá Ìbejì ti gbà láti máa gbé oúnjẹ wá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò máa sùn nílé. Ó ní, "N kò lè so apá yín kọ́ ọrùn, Bàbá, kí n wá dá yín padà sí ilé tó ṣófo tí ẹ kò lè wọ aṣọ. Ẹ lọ kọ́ bí ẹ ó ṣe máa fi ọwọ́ òsì nìkan wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá fúnra yín wọ ṣẹ́ẹ̀tì wá síbí, a ó mú ọjọ́."

Pásítọ̀ wá kí mi lọ́sẹ̀ náà. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ní Ọlọ́run náà ló dá dókítà. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ó yíjú padà, ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ìjọ gbọ́ kí ó tó parí. N kò ṣe ìlérí kankan fún un.

Gbogbo àárọ̀ ni mo ń gbìyànjú pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà. Bí mo ṣe ń wọ aṣọ láti kékeré ni mo ṣe ń wọ̀ ọ́: ọwọ́ tó dára, tó mọ ọ̀nà, ni mo kọ́kọ́ ń tì bọ inú rẹ̀. Apá ṣẹ́ẹ̀tì kejì a wá máa fì lẹ́yìn mi níbi tí ọwọ́ ọ̀tún kò lè dé láéláé. Mo yípo bí ajá tó ń lé ìrù. Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, mo gbọ́ tí nǹkan ya. Mo bọ́ ọ kíákíá. Ibi tí Àbẹ̀ní fi aṣọ kún ni mo kọ́kọ́ wò. Kò ya. Ojú rírán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ilé iṣẹ́ ṣe, ló tú díẹ̀. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ṣẹ́ẹ̀tì lórí itan mi, mo sì pinnu pé n óò di ẹrù lọ sí Kétu.

Àárọ̀ Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi pè pé ọkọ̀ ti gbéra. Mo tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà sórí bẹ́ẹ̀dì láti ká a sínú báàgì. Mo ń wò ó. Mo bi ara mi ní ìbéèrè tí mo lè fi bi akẹ́kọ̀ọ́: ibo ni Àbẹ̀ní máa ń dúró sí? Apá ọ̀tún. Lójoojúmọ́, apá ọ̀tún. Kò bẹ̀rẹ̀ láti òsì rí, kò sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Èmi ni mo máa ń dijú.

Mo jókòó. Mo jẹ́ kí apá ọ̀tún rọ̀ sílẹ̀ láàárín orúnkún mi bí ohun tí kì í ṣe tèmi. Mo fi ọwọ́ òsì ká apá ṣẹ́ẹ̀tì jọ, mo fi í bọ ọwọ́ náà bí wọ́n ṣe ń fi ìbọ̀sẹ̀ bọ ẹsẹ̀ ọmọ, mo fà á kọjá ìgúnpá, mo fà á dé èjìká. Ó dùn mí, mo sì la ojú mi sílẹ̀. Mo fa kọ́là gba ẹ̀yìn ọrùn. Ọwọ́ òsì wá ihò tirẹ̀, ó bọ́ sínú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ bọ́tìnnì láti ìsàlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, mo sinmi, mo tún padà sí i.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi pé bí ọmọ rẹ̀ bá dé, kí ó gbé mi dé Sáńgò, ọ̀dọ̀ dókítà, kí ó sì padà sí Kétu láì mú mi lọ. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní mo ti fúnra mi wọ aṣọ.

Kọ́là rẹ̀ ká díẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ mi kò dé. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ṣí ilẹ̀kùn.